Kókó inú Ọyàn: Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Èsì Biopsy

A máa ń gbọ́ ọ láàárín àwa tí a ń gbé ní Ugbolokposo, Effurun àti Warri pé, "Kò dùn mí, kò lè jẹ́ jẹjẹrẹ." Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Jẹjẹrẹ ọyàn kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ẹran tí dókítà bá mú lára kókó náà ló ń fi irú ohun tó jẹ́ hàn dájú.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà fi ń mú un. Inú formalin ló yẹ kó wọ̀ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe inú omi lásán. Kó wà níbẹ̀ fún wákàtí 6 ó kéré tán, kó má sì ju 72 lọ. Lẹ́yìn náà, láábù á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á pa á láró, dókítà á wá fi maikirosikópù wò ó.

Tí àwọn sẹ́ẹ̀lì bá jọra, tí wọ́n dúró sí àyè wọn, ìwé á kọ "benign". Ìyẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Fibroadenoma, tó wọ́pọ̀ lára àwọn ọ̀dọ́bìnrin, wà lára wọn. Àmọ́ tí wọ́n bá ti ya wọ inú ẹran tó yí wọn ká, ìwé á kọ "invasive carcinoma". Jẹjẹrẹ nìyẹn.

Ẹ ó tún rí "grade". Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń fún ní máàkì, láti 1 sí 3: bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń to ara wọn bí ọ̀pá kéékèèké, bí kóró inú wọn ṣe yàtọ̀ síra, àti bí wọ́n ṣe ń pín tó. Àpapọ̀ 3 sí 5 ni grade 1. 6 sí 7, grade 2. 8 sí 9, grade 3, èyí tó le jù. Grade yàtọ̀ sí "stage", tó ń sọ ibi tí àrùn tàn dé.

ER, PR àti HER2 ló ń sọ oògùn tó yẹ. Tamoxifen wúlò fún ẹni tí ER rẹ̀ jẹ́ "positive". Tí wọn ò bá sí nínú ìwé, ẹ béèrè.

Tí wọ́n bá yọ kókó fún yín ní ilé ìwòsàn kékeré, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí láábù. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wà nítòsí wa, ní Oghara àti ní Benin. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gba ìtọ́jú nílé, bíi UCH Ìbàdàn, kó béèrè fún ìwé èsì àti blọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ẹran náà sí, kí wọ́n lè tún un yẹ̀ wò níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyálóde ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí fún àwọn ìyá wa ní ìpàdé.