Àwọ̀, Awọ àti Ojú-Àrùn: Ìṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀ fún Àyẹ̀wò Ara Aláìsàn

Àìrí ọ̀rọ̀ kọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́ tó ń dojú kọ ẹni tó fẹ́ kọ ìlànà àyẹ̀wò ara aláìsàn ní èdè Yorùbá. Ìṣòro náà ni pé ara aláwọ̀ funfun ni ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn tó wà nílẹ̀ fi ṣe òṣùwọ̀n, tó fi jẹ́ pé wọ́n a máa kọ́ni pé ibi tó bá wú, tó sì gbóná, yóò pọ́n. Lára ẹni tó dúdú, irú ibi bẹ́ẹ̀ lè má pọ́n rárá: ó lè ṣú ju àyíká rẹ̀ lọ, tàbí kó mú àwọ̀ àlùkò tàbí ti eérú. Ní ọdún 2020, Malone Mukwende, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ilé-ẹ̀kọ́ St George's ní Lọ́ńdọ̀nù, àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ méjì gbé ìwé Mind the Gap jáde láti fi hàn bí àmì àìsàn ṣe ń rí lára aláwọ̀ dúdú. Bí Yorùbá bá wá pe àmì náà ní “ara pípọ́n”, ohun tí ojú lè má rí ni ó ní kí nọ́ọ̀sì máa wá. “Ìpàwọ̀dà ara” ló yẹ, nítorí pé pàwọ̀dà kò dárúkọ àwọ̀ kankan, ìyípadà nìkan ló ń sọ, ó sì ń béèrè pé kí olùyẹ̀wò fi ibẹ̀ wé ìhà kejì ara, kó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ mọ̀ bóyá ó gbóná.

Kò sí bí ènìyàn ṣe lè mọ ìpàwọ̀dà láìmọ àwọ̀ àtilẹ̀wá. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé dúdú, pupa àti funfun ni òpó mẹ́ta tí Yorùbá fi gbé àwọ̀ ró, ó mọ ìyàtọ̀ láàárín adúmáadán, ẹni tí dúdú rẹ̀ ń dán, àti apọ́nbéporẹ́, ẹni tó pọ́n bí epo. Ọ̀rọ̀ ẹwà ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n lè wúlò nínú àkọsílẹ̀ aláìsàn, bí akọ̀wé bá fi àmì ohùn sí i, kí awọ tó bo ara má baà di àwọ̀ rẹ̀.

Pupa kan náà ló mú kí ibà pọ́njú, orúkọ tí wọ́n fi ń pe àmì àìsàn tó ń sọ ẹyinjú di aláwọ̀ ìyeyè, gba àtúnyẹ̀wò. Orúkọ náà gbọ́n, nítorí ibi funfun ẹyinjú ni àmì yìí ti ń hàn jù lára ẹni dúdú. Ṣùgbọ́n ojú tí àpólò mú náà ń pọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ní àmì náà ni ibà ń ṣe. Ẹnikẹ́ni kò sì lè gé ibà kúrò kó fi ìpọ́njú sílẹ̀, nítorí ìyà ni ìpọ́njú ń jẹ́. “Ẹyinjú aláwọ̀ ìyeyè” yẹra fún gbogbo èyí. Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, “ìṣá àwọ̀” bá a mu, láti ara ṣá tí wọ́n ń lò fún aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ń lọ. Àlàyé rẹ̀ gbọ́dọ̀ darí olùyẹ̀wò sí inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, ahọ́n àti àtẹ́lẹwọ́, níbi tí dúdú ara kò ti bo pípọ́n ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù ni èyí tí yóò kó gbogbo ohun tó ń yọ sára jọ. Egbò kò tó, nítorí egbò gbọ́dọ̀ ṣí. Àbùkù sì ń kẹ́gàn aláìsàn. Ṣùgbọ́n bí èdè ti ń sọ ojú egbò, ojú oówo àti ojú àpá, bẹ́ẹ̀ ni “ojú-àrùn” yóò ṣe bá ẹnu mu. Lábẹ́ rẹ̀, èyí tí ojú rí ṣùgbọ́n tí ọwọ́ kò bá pé ó ga ni “àmì pẹlẹbẹ”. Èyí tó ga, tó sì le, ni kókó. Ìléròró ni èyí tó gba omi sínú, ìléròró ọlọ́yún sì ni èyí tí omi rẹ̀ ti di ọyún. Ìpẹ́ ni awọ gbígbẹ tó ń ṣí bíi ti ẹja, èépá sì ni omi tàbí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ mọ́ ojú egbò. Àǹfààní ìyàtọ̀ yìí hàn nínú àrùn Buruli, tí wọ́n ń tọ́jú ní Pobè, ìlú tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá ní orílẹ̀-èdè Benin: ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi kókó tí kò dunni, kó tó di egbò adáàjinná. Ẹni tó jẹ́ pé egbò nìkan ni wọ́n kọ́ ọ láti máa ṣọ́ yóò dúró títí awọ yóò fi ṣí. Ẹni tí wọ́n kọ́ ní “kókó aláìdunni” ti mọ ohun tí yóò gbé lọ sílé ìwòsàn nígbà tí awọ ṣì pé.