Bí ìdérí iwájú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ bá ń jò: ṣé àtúnṣe ni àbí ìpààrọ̀?

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tí ń kán sílẹ̀ lábẹ́ iwájú ọkọ̀ akẹ́rù. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá, Ọ̀rà àti àwọn abúlé tí ó yí wọn ká ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń kó irè oko jáde lọ sí Ìkirun, Òṣogbo àti àwọn ọjà tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà, kì í ṣe onímọ́tò nìkan ni ó pàdánù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti ń pọ́n kò ní dúró de mẹkáníìkì.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí a mọ̀ bí ẹni mowó ni Mercedes 911, èyí tí iléeṣẹ́ ANAMMCO ní Enugu ń tò pọ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ẹ́ńjìnnì OM 352 oní-sìlíńdà mẹ́fà, tí ń lo dísù, ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Níwájú ẹ́ńjìnnì yìí ni àwọn irin roboto eléyín wà, tí kíráǹkì fi ń yí káàmù àti pọ́ọ̀ǹpù dísù ní àsìkò tí ó yẹ. Ìdérí tí ó bo àwọn eléyín náà ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní táímìn kọ́fà. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni ó wà láàárín òun àti ara ẹ́ńjìnnì. Níbi tí kíráǹkì ti yọ orí jáde, ọ́ìlì sílì, òrùka rọ́bà kan, ni kò jẹ́ kí ọ́ìlì jáde.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ooru a máa mú rọ́bà àti gásíkẹ́ẹ̀tì gan. Nígbà náà ni ọ́ìlì yóò máa jò. Fáànù a sì fọ́n ọn káàkiri. Eruku pupa ojú ọ̀nà oko, pàápàá nígbà ọyẹ́, a lẹ̀ mọ́ rẹ́díétọ̀ tí ọ́ìlì ti ta sí. Atẹ́gùn kò ní rí àyè kọjá mọ́, ẹ́ńjìnnì yóò sì gbóná. Bẹ́líìtì tí ọ́ìlì bá kàn a máa yọ̀. Bí ọ́ìlì bá sì wá dín kù jù, irin yóò máa ha irin, ẹ́ńjìnnì yóò nọ́ọ̀kì. Owó sílì kan ṣoṣo ti di owó odindi ẹ́ńjìnnì nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni tó ra ohunkóhun, kí ó kọ́kọ́ mọ ibi tí jíjò náà ti ń wá. Ọ́ìlì tí ó jò láti òkè a máa ṣàn wá sórí ìdérí, a ó sì di ẹ̀bi ru ìdérí. Kí a fọ iwájú ẹ́ńjìnnì mọ́, kí ó gbẹ, kí a wọ́n páúdà díẹ̀ sí i, kí a wá tan ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ibi tí ó bá kọ́kọ́ tutù, tí ó sì ga jù, ni orísun rẹ̀. Kí a tún wo ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí: bí ó bá dí, atẹ́gùn inú yóò máa ti ọ́ìlì jáde, sílì tuntun pàápàá kò ní pẹ́ tí yóò fi jò.

Bí ó bá jẹ́ sílì nìkan, a kì í sábà tú ìdérí kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì, ìdérí gbọ́dọ̀ kúrò. Bí ìdérí bá lọ́, tí ó sán, tàbí tí ìpẹta ti jẹ ẹ́ dé ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí, ìpààrọ̀ ni ó yá. Wẹ́dà lè jó ibi tí ó sán, ṣùgbọ́n iná a máa lọ́ irin. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ fá ojú rẹ̀ kí ó tún dọ́gba. Ẹni tí yóò ra tòkúnbọ̀, kí ó mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kí ó fi ihò bóòtù wé ihò bóòtù kí ó tó sanwó. Gọ́ọ̀mù tí a kàn fi rẹ́ ìta kì í ṣe àtúnṣe.

Nígbà iṣẹ́, kí a gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí a fi igi há táyà, kí a sì yọ okùn bátìrì. Rẹ́díétọ̀, fáànù àti bẹ́líìtì ni a kọ́kọ́ ń tú. Púlà ni kí a fi fa pọ́lì orí kíráǹkì yọ, kì í ṣe òòlù. Bí sílì ti àtijọ́ bá ti ha ọrùn pọ́lì di kòtò, sílì tuntun yóò jò níbẹ̀. Kí a tọ́jú ọrùn náà ná. Ojú irin méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, kí a má sì ya á lára. Kí a ti pọ́lì bọ inú sílì kí ìdérí lè wà láàárín gbùngbùn, lẹ́yìn náà kí a fún àwọn bóòtù díẹ̀díẹ̀, ní ìdojúkọ-ara-wọn.

Àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn wà tí omi rẹ́díétọ̀ ń gba inú ìdérí yìí kọjá. Bí ọ́ìlì irú wọn bá dà bí tíì tí a bu mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀. Kí awakọ̀ pa ọkọ̀ níbi tí ó wà, kí ó má ṣe wa á dé ìlú.

Ní àràárọ̀, kí awakọ̀ wo ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀, kí ó sì fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ kí ó tó tan iná. Ìṣẹ́jú méjì péré ni, ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ kí irè oko ọdún kan jẹrà sójú ọ̀nà.