Òmìnira nínú Kírísítì

Lẹ́nu àwa Yorùbá, òmìnira ni ipò ẹni tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni Bíbélì Yorùbá lò nínú ìwé Gálátíà, ṣùgbọ́n ohun tí àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù ń bá jà níbẹ̀ kì í ṣe ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan ti ń sọ fún onígbàgbọ́ tí kì í ṣe Júù pé àfi kí wọ́n kọlà abẹ́ kí Ọlọ́run tó lè gbà wọ́n. Pọ́ọ̀lù fàáké kọ́rí. Lójú tirẹ̀, ẹni tí Kírísítì ti rà padà kò gbọdọ̀ tún máa fi iṣẹ́ òfin wá ojúure Ọlọ́run. Òmìnira ẹ̀mí nìyẹn: kí ìbẹ̀rù pé a kò tíì ṣe tó kúrò lọ́rùn ẹni.

Ṣé kí kálukú wá máa ṣe bó ṣe wù ú? Rárá o. Ìwé kan náà ní kí ìfẹ́ sọ ẹni òmìnira di ìránṣẹ́ ọmọnìkejì. Àtakò tó wúwo jù sí ẹ̀kọ́ yìí ni pé àwọn olówó ẹrú fi òmìnira ẹ̀mí pa ẹrú wọn lẹ́nu mọ́. Òótọ́ ni, ó sì burú jáì. Àmọ́ lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí Fílémónì ta kò wọ́n gbangba: arákùnrin ni kí Fílémónì gba Ónẹ́símù ẹrú rẹ̀ sí, kì í ṣe ẹrú mọ́. Ajayi Crowther, tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rú ní 1822, tó sì ṣèrìbọmi ní 1825, kò fi òmìnira ẹ̀mí rọ́pò òmìnira ti ara. Ní 1851, ó dúró níwájú Ọbabìnrin Victoria, ó ń ṣàlàyé òwò ẹrú Èkó fún un.