Àwọn Tó Ń Kọ Orúkọ Ẹ̀fọn Sílẹ̀

Bí òjò bá rọ̀ sí Owena, lọ́nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, omi á dúró sínú èèpo kòkó tí àgbẹ̀ là jù sábẹ́ igi, á dúró sí ìdí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, á sì kún inú ìkarahun ìgbín. Gbogbo ẹ̀fọn kọ́ ló ń yé sí omi kan náà. Aedes simpsoni fẹ́ràn ìdí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò. Ìran Eretmapodites a máa wá èèpo kòkó àti ìkarahun lọ. Ní ti Aedes vittatus, omi inú ihò àpáta ni tirẹ̀, irú èyí tí òjò máa ń fi sílẹ̀ lórí òkè Ìdànrè.

Lẹ́yìn tí Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà, lóṣù kẹjọ 1897, ni iṣẹ́ kíkọ orúkọ oríṣiríṣi ẹ̀fọn sílẹ̀ gbóná. Láti gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ni wọ́n ti ń kó òkú ẹ̀fọn ránṣẹ́ sí London, tí Frederick Theobald sì ń tò wọ́n sínú ìwé. Apá kìíní jáde ní 1901. Ní 1902, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Giles sọ ẹ̀fọn kan tó ń gbé ibà kiri ní Anopheles gambiae.

Yábà ní Èkó ni ọ̀rọ̀ ti wá kan àwọn ẹ̀fọn oko. Ní 1925, àjọ Rockefeller gbé ìwádìí ibà pọ́njú wá síbẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ gbà nígbà náà ni pé Aedes aegypti nìkan, ẹ̀fọn inú ìkòkò omi àti agolo, ló ń gbé àìsàn náà. Johannes Bauer, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí Yábà, jẹ́ kí oríṣi ẹ̀fọn mìíràn mu ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ tó ń ṣàìsàn, ó sì tún jẹ́ kí wọ́n jẹ ọ̀bọ tí ara rẹ̀ le. Ní 1928, ó kéde pé Aedes luteocephalus àti Eretmapodites chrysogaster wà lára àwọn tó lè gbé e. Iṣẹ́ náà la ẹ̀mí lọ: ibà pọ́njú ti pa Adrian Stokes, olùwádìí mìíràn nínú wọn, ní Èkó lóṣù kẹsàn-án 1927. Láìsí ìwádìí wọn, ìkòkò omi nìkan là bá máa ṣọ́.

Ojú lásán ṣì wúlò láti fi dá ẹ̀fọn mọ̀. Ẹni tó bá bu omi sínú àwo funfun á rí i pé ìdin Anopheles máa ń sùn gbalaja lójú omi, ti Culex á dorí kodò, á na ọ̀pá tó fi ń mí sókè. Ṣùgbọ́n kò sí ojú tó lè ya gambiae àti Anopheles coluzzii sọ́tọ̀. DNA ló ń yà wọ́n, 2013 sì ni èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ tirẹ̀.

Àlejò kan tún ti dé. Wọ́n rí Anopheles stephensi, ẹ̀fọn ibà láti Éṣíà, ní Djibouti ní 2012, wọ́n sì rí i ní Nàìjíríà ní 2020. Inú táǹkì omi láàárín ìgboro ló ti ń pamọ, ibi tí àwọn tó ń wá ẹ̀fọn ibà kì í sábà yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀.