Ọgbà Ẹ̀fọ́ Jàmáà: Àdéhùn Ni Kó Ṣáájú Ọkọ́

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tó ń rọ òjò fún wa. Nílùú Ilé-Ifẹ̀, láàárín oṣù Máàṣì sí Épírì ni òjò àkọ́rọ̀ máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mọ́sálásí tó bá fẹ́ tún ọgbà ẹ̀fọ́ rẹ̀ dá gbọ́dọ̀ ti múra sílẹ̀ kó tó dìgbà náà.

Ohun tí a ti kíyè sí ni pé kì í sábà ṣe kòkòrò tàbí ọ̀dá ló ń pa ọgbà àjọni. Àìsí àdéhùn ló ń pa á. Èrò á pọ̀ lọ́jọ́ tí a bá ń ṣán igbó, ẹni mẹ́ta péré ni yóò kù nígbà tí koríko bá hù. Bí ẹ̀fọ́ bá wá tó já, gbogbo ayé á gbé apẹ̀rẹ̀ dé. Ìyá àgbà tó ń bomi rin ín láràárọ̀ á bá ebè lófìfo. Kò ní í jà, ṣùgbọ́n kò ní í padà wá mọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má ní ààlà.

Ilẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tó jẹ́. Ilẹ̀ tí ẹnì kan bá fi sílẹ̀ fún mọ́sálásí nítorí Ọlọ́hun, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní wakf, kò ṣe é tà, kò ṣe é fi tọrẹ, kò sì ṣe é pín lógún. Umar ọmọ Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ní ilẹ̀ kan ní Khaybar tó fẹ́ràn gan-an. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gbà á nímọ̀ràn pé kó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó máa fi èso rẹ̀ ṣe sàárà. Ẹni tó ń bójú tó o lè jẹ nínú rẹ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi kó ọrọ̀ jọ. Ìtàn yìí wà nínú Bukhari àti Muslim. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n yá yín ní ilẹ̀, ẹ kọ iye ọdún rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí.

Iṣẹ́

Ẹ pín ilẹ̀ sí ebè pẹrẹsẹ tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 10, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fa ebè kọ̀ọ̀kan lé ìdílé kan tàbí ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́: àwọn ìyá, àwọn ọ̀dọ́, àwọn ọmọ ilé kéwú. Ẹ kọ orúkọ wọn mọ́ pátákó. Iṣẹ́ tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, bíi dídá ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́, ẹ fi sí ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn Àsàlátù. Ẹ la ojú ìṣàn fún omi àlùwàlá kó lè lọ síbi ebè, ṣùgbọ́n kí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ má dà pọ̀ mọ́ ọn.

Gbígbìn

Ẹ jẹ́ kí ìgbẹ́ adìẹ kọ́kọ́ jẹrà, kí ooru rẹ̀ sì lọ. Nǹkan bíi kílò 10 tó fún ebè kan. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú gbígbìn.

Tẹ̀tẹ̀ ni kó ṣáájú, torí pé ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ló fi ń tó hú. Bí ẹ bá rẹ́ orí rẹ̀ dípò kí ẹ hú u, á tún rúwé. Ẹ po irúgbìn rẹ̀ mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kó má baà ṣù sójú kan. Bákan náà ni ẹ ó ṣe ṣọkọ. Irúgbìn ewédú kì í tètè hù: ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ tì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10, kí ẹ sá a kó tó di gbígbìn. Ẹ gbin ilá ní ẹyọ 2 tàbí 3 sí ihò kan. Bó bá ti ń so, ẹ máa ká a ní ọjọ́ méjì méjì kó má baà gbó. Ata, tòmátì àti ìgbá á kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lábẹ́ ìbòòji kí ẹ tó ṣí wọn lọ sórí ebè. Ẹ fi úgú sí etí ọgbà kó lè rí ohun fà mọ́.

Ní Ifẹ̀ yìí náà, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn onímọ̀ láti Kánádà ṣe ìwádìí lórí ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀ láàárín ọdún 2011 sí 2014. Úgú, ìgbá àti ògùnmọ̀ wà lára wọn. Nínú iṣẹ́ tó tẹ̀lé e ní Nàìjíríà àti Benin, wọ́n ń fi ajílẹ̀ díẹ̀ sí ìdí irúgbìn, pẹ̀lú ìgbẹ́ ẹran, dípò kí wọ́n dà á káàkiri. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn fún mọ́sálásí tí owó rẹ̀ kò pọ̀.

Nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀ ní oṣù Ògọ́ọ̀sì, ẹ tún ebè kọ fún àrọ̀kúrò. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ kó gbó, kí ẹ lè rí irúgbìn ọdún tó ń bọ̀.

Pípín

Ẹ pinnu èyí kí irúgbìn tó wọlẹ̀. Àbá wa ni ìdá mẹ́ta: ìdá kan fún àwọn tó ṣiṣẹ́, ìdá kan fún opó, ọmọ òrukàn àti aláìsàn, bí wọn kò tilẹ̀ gbé ọkọ́, ìdá kan fún títà, kí owó rẹ̀ ra irúgbìn àti irinṣẹ́. Ilé ni kí ẹ gbé ti aláìní lọ bá a, ẹ má jẹ́ kó tò sórí ìlà. Aládùúgbò tí kì í ṣe Mùsùlùmí náà lè gbà nínú sàárà. Kí ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ má jẹ́ ẹni tó ń kọ ìwé owó, kí ẹ sì ka ìṣirò sí etí jàmáà lóṣooṣù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Ṣé sàká wà lórí rẹ̀?

Nínú mazhab Maliki tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé, kò sí sàká lórí ẹ̀fọ́ tútù, torí pé kì í ṣe oúnjẹ tí à ń kó pamọ́. Imam Abu Hanifa ní tirẹ̀ sọ pé ó wà: ìdá kan nínú mẹ́wàá bó bá jẹ́ òjò ló rin ín, ìdajì ìyẹn bó bá jẹ́ pé a pọnmi sí i. Ẹni tó bá ta ìpín tirẹ̀, bí owó rẹ̀ bá pé òṣùwọ̀n tí ọdún sì yí po lórí rẹ̀, yóò yọ sàká owó.

Ànábì kọ́ wa pé ohun tí Mùsùlùmí bá gbìn, tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko jẹ nínú rẹ̀, sàárà ni fún un. Ẹ má jẹ́ kí ìjà àpẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́ kan gba ẹ̀san náà lọ́wọ́ wa. Bí ẹ bá kúrò ní mọ́sálásí ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ dúró díẹ̀, ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀, kí ẹ tó wá ọkọ́. Kí Ọlọ́hun fi alùbáríkà sí i. Ààmíìn.