Bí Gángan Ṣe Wọ Ilé Ìgbohùnsílẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Bí ẹ bá dúró ní Fádèyí, lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòròdú, tí orin àwo kan ń dún, ǹjẹ́ ẹ ti rò ó rí bí onílù púpọ̀ ṣe lè lùlù pọ̀ nínú yàrá kan, tí a ó sì gbọ́ olúkúlùkù wọn ketekete? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín.

Ní ọjọ́ 24, oṣù kìíní, ọdún 1962, Art Blakey, gbajúmọ̀ onílù jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà, kó àwọn onílù jọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ Rudy Van Gelder ní Englewood Cliffs, nítòsí New York. Ọmọ Yorùbá kan wà láàrin wọn, Solomon Ìlọ̀rí ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó ń kọrin, òun ni ó ń lu gángan, òun náà ni ó sì ń fọn fèrè. Àwọn yòókù gbé bàtá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo. Curtis Fuller, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ trombone, fi tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìlù ni ó lù.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ìlù Blakey a máa sán bí àrá, bẹ́ẹ̀ ni gángan ń fẹ́ kí a gbọ́ ohùn òun yékéyéké. Láyé ìgbà náà, Van Gelder a máa gba ohùn gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sórí téèpù. Bí ìlù kan bá bo èkejì mọ́lẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́ lẹ́yìn náà. Nítorí náà, ibi tí olúkúlùkù yóò jókòó sí, àti bí ẹ̀rọ agbóhùn yóò ṣe súnmọ́ ọn tó, di ohun tí a ní láti fara balẹ̀ ṣètò. Onílù pẹ̀lú ní láti mọ ìgbà tí yóò rọra, kí ẹnìkejì lè sọ tirẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Àdúrà Ìlọ̀rí ni ó ṣíwájú nínú àwo náà, The African Beat. Ilé iṣẹ́ Blue Note ni ó gbé e jáde, orúkọ Blakey ni wọ́n sì kọ gàdàgbà síwájú páálí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1963, ilé iṣẹ́ kan náà gba ohùn Ìlọ̀rí sí àwo tirẹ̀, African High Life. Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni ó wà níwájú.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, bí àwo kan bá wù yín, ẹ má ka orúkọ ẹni iwájú nìkan. Ẹ yí páálí rẹ̀ padà, kí ẹ ka orúkọ àwọn tí ó lùlù pẹ̀lú rẹ̀.