Àkùkọ, Agogo àti Òfin: Ta Ló Ni Ariwo Abúlé Faransé?

Láti ọdún 1982 tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àwọn abúlé tó rẹwà jù, Les Plus Beaux Villages de France, sílẹ̀, ohun tí ojú rí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ogún abúlé nílẹ̀ Faransé: ilé olókùúta pupa, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ojú pópó tóóró. Abúlé tí èrò rẹ̀ bá ju 2,000 lọ kò lè wọ ẹgbẹ́ náà. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n etí àti imú la fi ń mọ̀ bóyá abúlé ṣì wà láàyè, èrò mi sì ni pé òfin tó gbèjà iṣẹ́ àgbẹ̀ wúlò ju èyí tó ń yin ìró àti òórùn lọ.

Agogo ló kọ́kọ́ dá ìjà lórí ariwo abúlé sílẹ̀. Agogo Angelus máa ń dún láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́: ẹ̀ẹ̀mẹta, ó dákẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó dákẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta mìíràn, kó tó wá máa dún kíkankíkan. Ẹni tó wà lóko ti mọ̀ pé oúnjẹ ọ̀sán ti délẹ̀. Lásìkò ìdìtẹ̀ ńlá tó gba ìjọba lọ́wọ́ ọba, wọ́n pàṣẹ ní Oṣù Keje ọdún 1793 pé kí agogo kan ṣoṣo ṣẹ́kù fún ìjọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ìyókù rọ àgbá ogun. Alain Corbin, òpìtàn, fi ìwé rẹ̀ Les Cloches de la terre ti 1994 hàn bí àwọn ará abúlé ṣe fi gbogbo agbára di agogo wọn mú, àti àwọn tí kì í lọ sí Máàsì pàápàá. Nígbà tí òfin 1905 ya ìjọba kúrò lára ẹ̀sìn, mẹ́yọ̀ ló fún láṣẹ lórí agogo lílù. Bí òun àti ìjọ kò bá gbọ́ ara wọn yé, aṣojú ìjọba àpapọ̀ ni yóò dá a. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni ariwo abúlé látilẹ̀wá.

Lóde òní, aládùúgbò tàbí àlejò ló ń pe ẹjọ́. Ní Grignols, lágbègbè Dordogne, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Bordeaux ní kí wọ́n dí adágún omi kan pa ní 2016 nítorí igbe ọ̀pọ̀lọ́. Ní 2019, Bruno Dionis du Séjour, mẹ́yọ̀ Gajac, kọ lẹ́tà ìta gbangba pé kí ìjọba ka agogo, àkùkọ àti màlúù mọ́ ogún orílẹ̀-èdè. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn tó ní ilé ìsinmi ní Saint-Pierre-d'Oléron gbé àkùkọ kan tó ń jẹ́ Maurice lọ sí kóòtù. Wọ́n pàdánù, wọ́n sì san Yúrò 1,000 fún ẹni tó ni ín. (Ibẹ̀ kì í tilẹ̀ í ṣe abúlé kékeré, èrò ibẹ̀ ju 6,000 lọ.)

Òfin Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021 ló wá kọ ìró àti òórùn ìgbèríko sínú òfin àyíká gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó dùn-ún gbọ́ létí, ó sì kúrú. Ṣùgbọ́n èyí tí àgbẹ̀ lè dì mú ní kóòtù ni òfin Oṣù Kẹrin ọdún 2024: bí iṣẹ́ bá ti wà níbẹ̀ kí olùpẹ̀jọ́ tó kó dé, tó sì bá òfin mu, olùpẹ̀jọ́ náà kò lè pe ẹjọ́ nítorí ariwo rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ń ṣọ́ ìrántí. Èkejì ń ṣọ́ ẹni tó ń jí ní kùtùkùtù láti fún wàrà. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré, torí ní 1970, oko tó wà nílẹ̀ Faransé tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan àbọ̀ ó lé díẹ̀. Ní 2020, wọn kò ju nǹkan bí 390,000 lọ. Bí katakata bá ti dákẹ́, kí ni a fẹ́ fi òfin ìró ṣe?

Àwọn kan yóò ní òfin yìí lé àlejò jìnnà, bẹ́ẹ̀ ọmọ àlejò ló ń jẹ́ kí ilé-ìwé abúlé mìíràn ṣì ṣí sílẹ̀. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ ibi tó ti ta kókó gan-an ni pé ààbò 2024 kò bo ẹni tó bá jẹ́ kí ìyọnu náà pọ̀ sí i. Ọmọ àgbẹ̀ tó jogún ogún màlúù, tó fẹ́ sọ wọ́n di ọgọ́rùn-ún kí ó má baà wọ gbèsè, kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé òun ló kọ́kọ́ débẹ̀.